Gbèsè Nàìjíríà: ₦49.85 tírílíọ̀nù di ₦144.67 tírílíọ̀nù. Ta ló yá a, kí la fi ṣe, ṣé apá á ká a?

Àdìgún Bẹẹrẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ ìdí ìṣúná bá wa tú ọ̀rọ̀ yìí wò. Nínú àkọsílẹ̀ DMO, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó gbèsè, gbogbo gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jẹ́ ₦49.85 tírílíọ̀nù ní ìparí oṣù kẹta 2023. Kí oṣù kẹfà ọdún náà tó parí, ó ti di ₦87.38 tírílíọ̀nù. Ìparí oṣù kẹta 2024, ₦121.67 tírílíọ̀nù. Ìparí 2024, ₦144.67 tírílíọ̀nù. Àwọn kan ní ìjọba tó wọlé ní oṣù karùn-ún 2023 ló yá gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn ní ẹrù tí wọ́n bá nílẹ̀ ni. Èwo ló jóòótọ́? Owó tuntun mélòó ló wọlé gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òṣèlú dá mi lóhùn. Ìṣirò ni mo fẹ́.

Ìṣirò Ò Gbàgbé

Ẹ jẹ́ ká mú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ₦49.85 àti ₦87.38 jẹ́ ₦37.53 tírílíọ̀nù.

Gbèsè òkèèrè jẹ́ $42.67 bílíọ̀nù ní oṣù kẹta, ó sì di $43.16 bílíọ̀nù ní oṣù kẹfà. Kò fi bẹ́ẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ₦460.35 sí dọ́là kan ni DMO fi ṣírò ti oṣù kẹta, ₦770.38 ló fi ṣírò ti oṣù kẹfà, nítorí pé CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà. $42.67 bílíọ̀nù àtijọ́ yẹn nìkan fi nǹkan bí ₦13.2 tírílíọ̀nù wúwo sí i, ẹnikẹ́ni ò sì yá kọ́bọ̀.

Ti abẹ́lé kúrò ní ₦30.21 tírílíọ̀nù, ó di ₦54.13 tírílíọ̀nù. Nínú ₦23.92 tírílíọ̀nù tó gorí i yìí, nǹkan bí ₦22.7 tírílíọ̀nù ni Ways and Means, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ti ń gbà lọ́wọ́ CBN fún ọdún mélòó kan, tí kò sí nínú ìwé DMO tẹ́lẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún 2023 pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ẹ yọ méjèèjì kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù bí owó tuntun kò ju nǹkan bí ₦1.6 tírílíọ̀nù lọ.

Ti 2024 tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìparí 2023 sí oṣù kẹta 2024, gbèsè òkèèrè *dín kù* ní dọ́là, láti $42.50 bílíọ̀nù sí $42.12 bílíọ̀nù. Ní náírà, ó fò láti ₦38.22 tírílíọ̀nù sí ₦56.02 tírílíọ̀nù, nítorí dọ́là ti kúrò ní ₦899.39, ó ti di ₦1,330.26. Ẹni tó bá fi àpapọ̀ náírà bá yín jiyàn, ẹ bi í pé: dọ́là mélòó ló wà nínú rẹ̀, iye wo ni wọ́n sì fi ṣẹ́ ẹ?

Aláròjinlẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n Ìṣirò, iṣẹ́ yín mọ́. Àmọ́ "ẹnikẹ́ni ò yá kọ́bọ̀" yẹn lè mú kí àwọn kan rò pé orí ìwé lásán ni gbèsè náà ti pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí èlé tó yẹ ká san lókèèrè bá jẹ́ $1 bílíọ̀nù, ₦460 bílíọ̀nù ló máa jáde lápò nígbà tí dọ́là wà ní ₦460. Ní ₦1,535, tó jẹ́ iye ìparí 2024, ₦1.535 tírílíọ̀nù ni. Òótọ́ ni pé dọ́là ni epo rọ̀bì ń mú wá, náírà tó ń tibẹ̀ wọlé náà sì lé. Ṣùgbọ́n owó orí òṣìṣẹ́ àti VAT kì í lé ní ìlọ́po mẹ́ta nítorí pé dọ́là lé ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ways and Means ńkọ́? Wọ́n ti ná owó yẹn tán kí DMO tó kọ ọ́ sílẹ̀. Fífi tí wọ́n fi pamọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ni ó yẹ ká máa bínú sí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ìyá Olófin

Ẹ jẹ́ n fi òfin tì í lẹ́yìn. Apá 38 nínú òfin CBN ti 2007 gbà kí báńkì náà fún ìjọba àpapọ̀ ní owó ìdíjú díẹ̀ tí owó tó ń wọlé bá pẹ́. Ó fi gbèdéke mẹ́ta dè é. Àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba ní ọdún tó ṣáájú. Ìkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ san án kí ọdún tó parí. Ìkẹta, tí wọn kò bá san án, CBN kò gbọdọ̀ fún wọn ní òmíràn títí wọ́n á fi san ti ẹ̀yìn.

Ẹ wò ó báyìí: tí ₦4 tírílíọ̀nù bá wọlé lọ́dún kan, 5% rẹ̀ jẹ́ ₦200 bílíọ̀nù péré. Báwo ni ẹ ṣe dé ₦22.7 tírílíọ̀nù láìjẹ́ pé gbèdéke mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́? Ìdí tí òfin fi le tó bẹ́ẹ̀ ni pé owó yìí kò ti ọwọ́ ẹni tó fi pamọ́ wá. CBN kàn ń kọ ọ́ sínú àpò ìjọba ni, ó ń pọ̀ sí i lọ́jà nígbà tí ẹrù kò pọ̀ sí i, gbogbo wa sì ń san án níbi iye gààrí àti iye epo.

Bí wọ́n ṣe tún un dì: ọdún 40, èlé 9%, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ láìsan ojú owó. Tẹ́lẹ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ MPR (iye èlé tí CBN fi lélẹ̀) pẹ̀lú 3%, èyí tó ti ju 20% lọ nígbà náà. Nítorí náà ìtúndì yẹn dín ìnira kù fún ìjọba. Síbẹ̀, 9% lórí ₦22.7 tírílíọ̀nù jẹ́ nǹkan bí ₦2.04 tírílíọ̀nù lọ́dún, fún owó tí a kò lè na ìka sí afárá tàbí ilé ìwòsàn tí ó kọ́. Ní ìparí 2023, wọ́n tún fọwọ́ sí ₦7.3 tírílíọ̀nù mìíràn lọ́nà kan náà.

Òfin kejì tí kò yẹ ká gbàgbé ni Fiscal Responsibility Act 2007. Apá 41 rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ àgbékalẹ̀ (bí títì àti afárá) àti ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn nìkan ni ìjọba gbọ́dọ̀ yáwó fún, pẹ̀lú èlé tó kéré àti àkókò tó gùn. Owó oṣù kò sí níbẹ̀.

Olójú-Irin

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó tó ti jóná. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí a lè fojú rí: reluwé Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021. Owó China Exim Bank tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ $1.267 bílíọ̀nù. Èlé rẹ̀ 2.5%, ọdún 20 ni gbogbo rẹ̀, ọdún 7 àkọ́kọ́ jẹ́ èlé nìkan.

Ìṣirò gbàràgbàrà ni mo fẹ́ ṣe o, torí owó náà kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èlé ọdún kan lórí gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí $31.7 mílíọ̀nù. Tí ọdún 7 bá pé, ojú owó pín sí ọdún 13, ìyẹn $97.5 mílíọ̀nù lọ́dún. Ní ₦306 sí dọ́là, bó ṣe wà ní ọdún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ₦29.8 bílíọ̀nù ni. Ní ₦1,500, ₦146 bílíọ̀nù.

Ká ní ₦5,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì kan. Láti rí ₦146 bílíọ̀nù, èrò mílíọ̀nù 29 ó lé gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí 80,000 lójúmọ́, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú. A kò tíì ra epo dísẹ̀lì, a kò tíì san owó òṣìṣẹ́, a kò tíì tún irin tí wọ́n jí ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì èrò kò lè san gbèsè yìí láéláé. Ẹrù inú kọ̀ǹténà láti èbúté Apápá ni ó lè súnmọ́ ọn, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ọjọ́ tí ẹrù fi ń gba orí títì dípò ojú irin fi jẹ́ ọjọ́ tí èlé ń gorí èlé lásán.

Ohun méjì mìíràn máa ń bà irú owó yìí jẹ́. Ìjọba tiwa gbọ́dọ̀ mú ìpín tirẹ̀ wá, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 15%. Tí ìṣúná kò bá tu ìpín yẹn sílẹ̀ lásìkò, iṣẹ́ dúró, a ó sì máa san owó ìdúró lórí apá tí a kò tíì gbà. Èkejì ni pé agbaṣẹ́ṣe àti ọ̀pọ̀ ohun èlò gbọ́dọ̀ ti China wá. Kò sí ìdíje gidi lórí iye iṣẹ́ náà, nítorí náà 2.5% lè dà bí ọ̀fẹ́ nígbà tí iye iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti gbówó lórí.

Aláròjinlẹ̀ Ẹ̀gbá

Ọ̀gá Olójú-Irin, mo fara mọ́ ìṣirò yín, n kò fara mọ́ òṣùwọ̀n yín. Níbi tó pọ̀ láyé, tíkẹ́ẹ̀tì kì í san owó tí wọ́n fi la ojú irin. Owó orí ilé iṣẹ́ tó bá dìde sí Mọ́níyà àti Papalantó náà wà nínú èrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títì tí kò ní tètè bàjẹ́.

Olójú-Irin

Ó dáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà! Apá 44 nínú òfin tí Ìyá Olófin dárúkọ fẹ́ kí ìjọba gbé àyẹ̀wò èrè àti ìnáwó kalẹ̀ *kí wọ́n tó* yáwó. Iye owó orí tí ẹ̀ ń retí, ọdún wo ló máa dé, ta ló máa gbà á. Èrè tí kò sí ẹni tó ń gbà á kò lè san gbèsè.

Tọ́pẹ́ Peckham

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Láti ọjà tí wọ́n ti ń ta Eurobond wa (ìwé gbèsè ní dọ́là tí ìjọba ń tà fún olówó òkèèrè) ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ jẹ́ n fi kún un pé ẹni tí ó ń fi China dẹ́rù bà yín kò tíì wo ibi tí iná wà. 2.5% ọdún 20 kọ́ ni ó máa pa yín.

Eurobond àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà tà, ní oṣù kìíní 2011, jẹ́ $500 mílíọ̀nù, ọdún 10, 6.75%. Ti oṣù kejìlá 2024 jẹ́ $2.2 bílíọ̀nù ní ọ̀nà méjì: $700 mílíọ̀nù fún ọdún 6 àti ààbọ̀ ní 9.625%, àti $1.5 bílíọ̀nù fún ọdún 10 ní 10.375%. Ẹ ṣírò èyí tó gbẹ̀yìn: $155.6 mílíọ̀nù lọ́dún. Fún ọdún 10, èlé nìkan jẹ́ $1.556 bílíọ̀nù, ojú owó $1.5 bílíọ̀nù sì wà nílẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Sọ̀gúndogójì pátápátá nìyẹn, àfi pé ó wọ kóòtù àti táì.

Ìyàtọ̀ ńlá mìíràn sí ti China àti ti Báńkì Àgbáyé: Eurobond kì í jẹ́ kí ẹ san ojú owó díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn ni gbogbo rẹ̀ ń pé lẹ́ẹ̀kan. $1.118 bílíọ̀nù tí a yá ní 2018 pé ní oṣù kọkànlá 2025, oṣù yẹn kan náà la sì ta tuntun, $2.35 bílíọ̀nù. Fífi gbèsè san gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ń ṣe é. Ewu rẹ̀ ni ọjọ́ tí ọjà bá ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn èyí tí a tà ní oṣù kẹta 2022, a kò tún lè padà síbẹ̀ títí di ìparí 2024, nítorí iye èlé tí wọ́n ń bèèrè ti ga kọjá agbára. Ká ní owó ńlá pé láàárín ìgbà yẹn, inú àpò dọ́là CBN la ó ti yọ ọ́.

Mọdúpẹ́ Kútọnu

Ẹ káàbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ìjọba ta bọ́ǹdì €500 mílíọ̀nù ní 2021 fún iṣẹ́ tó jẹ mọ́ àfojúsùn ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì ń tẹ ìròyìn jáde lórí ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ìdẹ̀ra kan tí a ní tí ẹ̀yin kò ní: sẹ́fà wa so mọ́ yúrò ní 655.957. Gbèsè yúrò kò lè di ìlọ́po mẹ́ta lóru ọjọ́ kan bí tiyín. Ìdí nìyẹn tí yúrò fi dára fún wa ju dọ́là lọ. Àmọ́ a kò lè tẹ owó láti fi gba ara wa. Ọdún tí owó orí àti owó èbúté bá já, ìnáwó la máa gé.

Àdìgún Bẹẹrẹ

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ n tún bèèrè. Àwọn aláṣẹ ní gbèsè wa kò ju nǹkan bí 39% GDP (àpapọ̀ ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún) lọ, pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń jẹ 100%, ara wọn sì le. Kí ni kí n dá wọn lóhùn?

Ìṣirò Ò Gbàgbé

Kí ẹ bi wọ́n pé kí ló mú un wá sí 39%. Ní oṣù keje 2025, NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè, tún òṣùwọ̀n ọrọ̀-ajé ṣe, wọ́n lo 2019 bí ọdún ìpìlẹ̀ dípò 2010. GDP ọdún 2024 di nǹkan bí ₦372.8 tírílíọ̀nù. ₦144.67 nínú 372.8 jẹ́ 38.8%. Kí wọ́n tó tún un wọ̀n, ó ju 50% lọ. N kò sọ pé òṣùwọ̀n tuntun burú, ó yẹ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò dín ní kọ́bọ̀, owó tó ń wọlé kò sì lé ní kọ́bọ̀.

GDP kì í san gbèsè. Owó tó wọ àpò ìjọba ló ń san án. Ẹ rántí oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún 2022: ₦1.63 tírílíọ̀nù ló wọlé fún ìjọba àpapọ̀, ₦1.94 tírílíọ̀nù ló lọ sí gbèsè sísan. Nǹkan bí ₦119 nínú ₦100! Ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni tó gba owó oṣù, kí wọ́n tó ra ìwé kan fún ọ́fíìsì, a ti yáwó. Orílẹ̀-èdè tó ń gba 35% ọrọ̀ rẹ̀ bí owó orí lè gbé 100% GDP. Èyí tí kò rí ìdá kan nínú mẹ́ta irú owó bẹ́ẹ̀ gbà, 39% lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bí mo ṣe máa ń ka tábìlì DMO nìyí tó bá jáde ní gbogbo oṣù mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ mú gbèsè òkèèrè ní dọ́là, n kì í wo ti náírà. Mo pín in sí ti Báńkì Àgbáyé àti irú rẹ̀, ti ìjọba sí ìjọba, àti Eurobond. Ní ìparí 2024, nínú $45.78 bílíọ̀nù, àkọ́kọ́ lé ní $22 bílíọ̀nù, Eurobond lé ní $17 bílíọ̀nù. Èlé Eurobond ló máa ń gbé owó jáde jù bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, mo wo ojúewé ìsanwó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn ìmúṣẹ ìṣúná, kí n rí iye tó *wọlé ní tòótọ́*, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sínú ìṣúná pé yóò wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ nìyẹn: wọ́n á fi owó epo tó ga ju èyí tí kànga ń gbé jáde ṣe ìṣúná, àlàfo á yọ lẹ́yìn, gbèsè tuntun á sì dí i.

Onífẹ̀yìntì

Gbogbo yín ń wo òkèèrè. Ta ni ìjọba jẹ ní gbèsè ₦74.38 tírílíọ̀nù ti abẹ́lé tó wà ní ìparí 2024? Èmi àti ẹ̀yin ni. Ó ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà nínú bọ́ǹdì àti Treasury bill (ìwé gbèsè tí kò ju ọdún kan lọ) ti ìjọba àpapọ̀. Báńkì pẹ̀lú kó tiwọn síbẹ̀. Tí ìjọba bá ń fún báńkì ní 20% láìsí ewu, kí ló máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ aṣe-bàtà ní Mushin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ?

Ẹ sì wo Gánà. Ní oṣù kejìlá 2022, wọ́n dáwọ́ sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè dúró, wọ́n tún ní kí àwọn tó ní bọ́ǹdì abẹ́lé pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn jù, tí èlé rẹ̀ kéré. Àwọn báńkì wọn pàdánù owó ńlá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń halẹ̀ ìyanṣẹ́lódì kí wọ́n tó yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò nígbà náà. Ẹni tó bá ń sọ pé gbèsè náírà kò léwu nítorí a lè tẹ náírà, kí ó bi àwọn tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2023 ohun tí owó wọn lè rà.

Adésẹ̀

Nínú èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ yá ìjọba lówó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé mẹ̀kúnnù náà lè rà á.

Onífẹ̀yìntì

Bẹ́ẹ̀ ni. FGN Savings Bond, láti 2017. ₦5,000 ni ó kéré jù, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ máa fi ₦1,000 kún un títí dé ₦50 mílíọ̀nù. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta, èlé ń wọ àkáǹtì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tí DMO fọwọ́ sí lẹ ti ń rà á. Ẹ fi èlé rẹ̀ wé bí ọjà ṣe ń wọ́n kí ẹ tó yọ̀.

Ìyá Olófin

Ẹ má gbàgbé ohun tí kò sí nínú ₦144.67 tírílíọ̀nù. Owó àwọn agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán. Owó tí ìjọba jẹ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná, tí wọ́n fọwọ́ sí bọ́ǹdì ₦4 tírílíọ̀nù lé lórí ní 2025. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àdìgún Bẹẹrẹ

Ìbéèrè ìkẹyìn tèmi: ìpínlẹ̀. Tí gómìnà wa bá ní òun fẹ́ yá ₦100 bílíọ̀nù, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti kọjá agbára rẹ̀?

Ìṣirò Ò Gbàgbé

Ìlànà DMO sọ pé tí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ yáwó báńkì, owó tí yóò máa san lóṣù lórí gbogbo gbèsè rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó fẹ́ yá, kò gbọdọ̀ ju 40% ìpín FAAC rẹ̀ (owó tí wọ́n ń pín fún un láti àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè) lóṣù, bí wọ́n bá wo oṣù 12 tó ṣáájú. Ẹ wá tábìlì FAAC oṣù 12, ẹ mú ìpín ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, ẹ pín in sí 12. Lẹ́yìn náà ẹ wo ohun tí wọ́n ń yọ: gbèsè òkèèrè, ISPO (àṣẹ tí ìpínlẹ̀ fúnni pé kí wọ́n máa yọ owó gbèsè rẹ̀ lórísun), àtúndì gbèsè báńkì ti 2015. Ní ₦100 bílíọ̀nù, ọdún mẹ́rin, 25%, tí wọ́n bá ń san án ní ìpín kan náà lóṣù, nǹkan bí ₦3.3 bílíọ̀nù ni yóò máa jáde lóṣooṣù. Ẹ kó o mọ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀.

Àkíyèsí pàtàkì: gbèsè òkèèrè ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló fọwọ́ sí i, òun ló ń san án, ó sì ń yọ ọ́ lórísun kí owó tó dé ọ̀dọ̀ gómìnà, ní iye tí dọ́là bá wà lóṣù yẹn. Èkó ló jẹ jù, ó lé ní $1 bílíọ̀nù, ṣùgbọ́n òun náà ló ń rí IGR (owó tí ìpínlẹ̀ ń pa fúnra rẹ̀) jù. Ìpínlẹ̀ tí kò ní IGR tó dúró lẹ́sẹ̀, FAAC nìkan ló gbójú lé, owó tó sì kù lẹ́yìn ìyọkúrò ló ń san owó oṣù olùkọ́. Ìlà tó wà lápá ọ̀tún pátápátá nínú tábìlì FAAC yẹn, ìyẹn owó tó kù, ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.